Gìtá Bàbá Ìbejì

Ará àdúgbò wa kan ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí n máa kọ ọ́ lọ, pé ẹni tí wọn kò bá tíì bú nínú ìwé ìròyìn kò tíì di èèyàn pàtàkì ní Èkó. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Ìyànà Ìsọlọ̀ láàárọ̀, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa, kó wọ danfo tán, kó fún kọ̀ńdọ́ lówó, kó gba ṣéńjì rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rín in.

Bàbá Ìbejì là ń pè é. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní Ládípọ̀, ní Múṣin, ọjà tí èèyàn lè gbé sítíárìn kan ṣoṣo wọ̀ láàárọ̀ kó wa odindi mọ́tò jáde nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Lójú tirẹ̀, gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ló ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Bí nọ́ńbà méjì bá ti jọra, nǹkan méjèèjì ti di ọ̀kan náà nìyẹn, àríyànjiyàn ti parí. Bí ẹ bá sọ fún un pé ìyàwó yín ń bínú, yóò bi yín pé mọ́dẹ́lì ọdún wo ni.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Onígìtá wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Bó bá gbé gìtá kọ́rùn, ẹ ò ní mọ èwo ló gbé èkejì. Gìtá onígi ni, kì í ṣe oníná: àyà rẹ̀ fẹ̀, ihò rẹ̀ rí róbótó, okùn mẹ́fà. Ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́ kan, ọmọ náà ta á, àwọn ìyá tí wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n láti oṣù tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ jó dé iwájú. Bàbá Ìbejì jókòó sẹ́yìn akọrin. Mo rí i tó dijú, tó ń mi orí. Mo rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Mi ò mọ̀ pé owó ló ń ṣírò.

Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti dúró ti ọmọ náà lọ́rùn. Ó yọ fóònù, ó tan iná rẹ̀ sínú ihò gìtá, ó ya fọ́tò pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ibẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù òǹtàgìtá kan, ó na fóònù sí i lójú, ó ní: “Èyí gan-an.” Òǹtàjà gbé e jáde. Àwọ̀ kan náà, pépà kan náà, mọ́dẹ́lì kan náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá yìí ṣe. Ó yẹ nọ́ńbà wò. Ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀, bóyá wọ́n tún un kùn ni. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sanwó, ó gba rìsíìtì. Kò ta okùn kan ṣoṣo! Bàbá tó máa ń bó àgbàdo mẹ́rin wò kó tó ra ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá alágbàdo, òun ló ra ohun tí etí ń jẹ láì jẹ́ kí etí tọ́ ọ wò.

Ó gbé e délé, ó ta á. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, tó tún fi ìbòmú bo imú, tó wá wọ inú wọ́dúróòbù lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

“Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!” Igbe yẹn dé Ọ̀kọ̀tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹjọ́ ti di mẹ́ta. Èkíní, òǹtàjà gbé ayédèrú fún òun. Èkejì, onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì ti fi nǹkan sínú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn ará ilé bàbá òun lábúlé kò fẹ́ kí òun mọ orin. Ó ní ilẹ̀ á mọ́, òun á sì dá a padà. Mo rántí pátákó tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù òun fúnra rẹ̀ ní Ládípọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo bu omi tútù sẹ́nu, mo sì pa ẹnu náà dé.

Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ kò ṣeé pa mọ́ra títí. Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwọn ta ló ń bá yín gbé nínú ilé? Ìbejì ni. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ọjọ́ kan náà, agbẹ̀bí kan náà ló gbà wọ́n, ẹ̀wà kan náà ni wọ́n ń jẹ. Bí Táíwò bá pe “Dádì” láti ẹnu géètì, ajá tó wà ní Àgó Palace á dáhùn. Bí Kẹ́hìndé bá pè yín láti ẹ̀gbẹ́ àga tí ẹ jókòó lé, ẹ á ní kò sẹ́ni tó pè yín. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò gbé Kẹ́hìndé padà lọ sí ọsibítù rí pé ayédèrú ni wọ́n gbé fún yín. Gìtá ni kò wá gbọdọ̀ ní ohùn tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìbejì sílẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná ní àdúgbò wa, ilé mẹ́jọ ló ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n, wọ́n ga dọ́gba, ìdọ̀tí wọn sì dọ́gba. Síbẹ̀, mo lè sùn sórí ibùsùn mi nínú òkùnkùn kí n máa ka orúkọ wọn: èyí tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, ti láńlọ́ọ̀dù nìyẹn, èyí tó ń ké fíì-fíì-fíì, ti télọ̀ ni, èyí tó ń kú tó ń jí, ti Bàbá Ìbejì gan-an ni. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láàárín mẹ́jọ, tó ń sáré jáde lọ bu epo sí i láì ṣìnà, òun ló ń sọ fún mi pé nǹkan tó bá jọra gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Ọlọ́run ló mọ ibi tí ọgbọ́n ń sùn sí nínú ilé yẹn.

Ó dáa, kí ló wá fà á? Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ẹbí ṣàlàyé, nítorí pé kò sí ọmọ Ìsọlọ̀ tí aṣọ ẹbí kò tíì jẹ níyà rí. Ká ní ẹni tó ń ṣe ìnáwó sọ fún télọ̀ pé kó rán ogójì bùbá, kó má wọn ara ẹnikẹ́ni, kó sọ gbogbo wọn di sáìsì kan. Aṣọ kan náà, àrà kan náà. Lọ́jọ́ ìnáwó, yóò bá àwọn kan lára mu bí ẹni pé áńgẹ́lì ló rán an. Àwọn kan á wọ̀ ọ́ bí àpò gààrí. Ìyá kan á sì ju apá sókè láti ná owó, a ó gbọ́ “fàà!” Bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe gìtá gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ ni télọ̀ náà. Igi ni ara àwọn ìyá.

Àyà gìtá, pátákó tí ihò wà lára rẹ̀ yẹn, ni ẹnu rẹ̀. Igi spruce ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, igi ilẹ̀ olótùútù tí kì í hù lọ́dọ̀ wa. Ó tinrin débi pé nǹkan bíi mìlímítà 3 ni, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Okùn irin mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ ọn ń fà á pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 péré ni. Bí wọ́n bá jẹ́ kí àyà náà nípọn jù, kò ní mì, kò sì ní dún. Bí wọ́n bá jẹ́ kó tinrin jù, á dún dáadáa títí ọjọ́ tó máa wú sókè bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà sùn. Ẹ̀rọ máa ń gé gbogbo wọn ní ìnípọn kan náà. Àmọ́ igi kan le, òmíràn rọ̀. Ọ̀kan wúwo, òmíràn fúyẹ́. Pátákó méjì tí wọ́n là lára igi kan ṣoṣo pàápàá lè má jọra. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe gìtá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi ìka kan pátákó, á tẹ́tí, á tún fá a díẹ̀, títí yóò fi dáhùn bó ṣe fẹ́. Ẹ̀rọ kò ní etí. Sáìsì ló mọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà sá fún wàhálà yìí: kí wọ́n fi pláíwúùdù ṣe àyà rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, kì í sì í tètè sán. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í sábà jí pépé. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́: kì í dá wàhálà sílẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìyí, ẹ lọ bi àwọn ọmọ Àyàn. Àwọn agbẹ́gilù máa ń yan igi ọ̀mọ̀ tàbí apá, wọ́n sì máa ń sọ pé èyí tó hù sẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn láti kékeré. Bí wọ́n bá fi gbẹ́ ìlù, kò ní ṣòro fún un láti fọhùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé igi ní ìtàn tirẹ̀ kó tó di ìlù. Ẹ ò lè rí àyàn kan tó máa wọ ọjà kó ní “ẹ fún mi ní ìyáàlù mọ́dẹ́lì báyìí”, kó sanwó, kó máa lọ. Yóò gbé e há abíyá, yóò lù ú, yóò fún ọ̀sán rẹ̀, yóò bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, yóò gbé òmíràn. Lásìkò òjò pàápàá, ó mọ̀ pé awọ ti mu omi, yóò kọ́kọ́ yá a sóòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bàbá Ìbejì, ọmọ Yorùbá ni yín o. Níbo ni ẹ wà nígbà tí wọ́n ń pín èyí?

Nígbà tí mo sọ báyìí fún un, ó ní ọ̀rọ̀ àyà kọ́, pé igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ló yàtọ̀. Ó ti lọ ka nǹkan kan lórí fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́ láì dárúkọ igi “rosewood”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ní ọdún 1862, àgbà aṣegìtá kan ní Sípéènì, Antonio de Torres, fi pépà tí wọ́n pò mọ́ àtè ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ó wá fi ojúlówó igi ṣe àyà rẹ̀, kó lè fi han aráyé pé àyà ni ọ̀gá. Gìtá náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona títí dòní. Pépà o! Irú èyí tí ìyá alákàrà ń fi di àkàrà.

Bí ìyẹn kò bá tó yín, ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí kan jáde. Aṣegìtá kan náà ló ṣe gìtá mẹ́fà fún wọn, ó ṣọ́ra kí wọ́n lè jọra bó ti ṣeé ṣe tó, igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n pe onígìtá 52, wọ́n fi awò àwọn wẹ́dà bo ojú wọn nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ta á. Rosewood Brazil tó ń pa àpò èèyàn ràn kò sàn ju àwọn tó kù lọ lójú wọn. Ọ̀kan lára igi mẹ́fà náà ni sapele, igi tó jẹ́ orúkọ ìlú Sápẹ́lẹ̀ wa ní Ìpínlẹ̀ Delta. Igi ẹ̀yìnkùlé wa bá ti Brazil dọ́gba nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ojú dá sí i! Awò wẹ́dà kò wọ́n ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá tún fi rosewood halẹ̀ mọ́ mi, màá yá ọ̀kan, màá dè é mọ́ ọn lójú.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú ìyẹn o. Nígbà tí ọwọ́ kan fi sùúrù ṣe mẹ́fà, wọ́n súnmọ́ra. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi ìkánjú ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n jìnnà síra. Ohun tó ń yà wọ́n wà lára igi àyà, àtè inú rẹ̀, àti ìyà tó jẹ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nílé iṣẹ́. Ti ìyà yìí ló gbé wa dé ọjọ́ Túsìdé kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Bàbá Ìbejì ra gìtá tí kò tíì dá padà.

Ọjọ́ ọjà Aswani ni, tí ẹni tó bá ní òun ń kọjá á máa kọjá títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ìbejì kò lè dé Ládípọ̀, ló bá gbé gìtá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. A ránṣẹ́ pe onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú tirẹ̀. A tẹ́ ẹní, a tẹ́ àwọn méjèèjì gbalaja lórí rẹ̀ bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. Èmi ni dókítà. Ẹ má bi mí ní ìwé ẹ̀rí. Mo ti tún gìtá mẹ́ta ṣe láyé mi, mo sì ti ba méjì jẹ́.

Mo fi ìka kan àyà ti onígìtá. Ó ní: “Gbùn-ùn.” Mo kan ti Bàbá Ìbejì. Ó ní: “Kọ́.” Ìyẹn ni igi; ìyẹn kò ní oògùn. Mo gbé e sókè, mo mì í. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Bàbá Ìbejì fò sẹ́yìn. “Mo sọ fún yín! Mo ní wọ́n fi nǹkan sí i!” Ó ti fẹ́ lọ pe pásítọ̀. Mo ní kó ní sùúrù. Mo da ojú gìtá dé, mo gbọ̀n ọ́n. Pẹ́ńsùlù kúkúrú kan bọ́ sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ irun méjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ₦200 kan, ₦100 kan, ₦50 kan, ₦20 kan.

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kẹ́hìndé tó dúró lẹ́yìn ògiri wá rọra sọ̀rọ̀, bí àṣà rẹ̀, tí a fi ní láti na etí: “Mo rò pé kóló ni.”

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lè dá ọmọ náà lẹ́bi? Àpótí igi, ihò lójú rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé e wálé pẹ̀lú rìsíìtì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kò sì sí orin kankan tó ń jáde nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe kóló, kí ló tún kù? Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni aṣọ́wó kékeré yìí ti ń pa owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ mọ́ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣa owó náà, ó kà á, ₦370, ó ti í bọ àpò. Ó ní òun á fi kún owó okùn tuntun.

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé fún ìgbà àkọ́kọ́. “DÁDÌ! OWÓ MI!” Ajá Àgó Palace dáhùn. Táíwò pàápàá ya ẹnu. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń pe ọmọ yìí ní aláìlóhùn. Wọn kò tíì tẹ ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ni.

A padà sídìí iṣẹ́. Okùn tó wà lára gìtá náà ti dúdú bíi wáyà tí a ń sá aṣọ sí. Ta ló mọ ìgbà tó ti so kọ́ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Okùn tó bá ti dípẹtà kì í dún. Ó ń kùn ni. Mo wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí. Ó ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Níbi frẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn irin kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, ó yẹ kí àlàfo abẹ́ okùn máa tó mìlímítà 2 sí 3. Tirẹ̀ tó 5. Eku lè gbé ẹrù gba ibẹ̀ kọjá láì bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè ibi tí gìtá náà ń sùn. Ìyá Ìbejì ló dáhùn: lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tí àwọn ti ń se mọ́ínmọ́ín. Kó tó débẹ̀, ó ti lo odindi ọ̀sán nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣẹ́lẹ̀, lábẹ́ oòrùn. Àtè inú gìtá kò fẹ́ ooru. Igi rẹ̀ kò fẹ́ omi: ibi tí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn bá wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100 ni àwọn aṣegìtá ń fẹ́, lásìkò òjò ní Èkó ó ń ju 80 lọ, láì tíì ka ti mọ́ínmọ́ín. Gìtá onígìtá ń sùn nínú àpótí rẹ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bí ọmọ ọba. Ti Bàbá Ìbejì ń gba ooru bí ewé eéran. Àwọn méjèèjì ni ó wá ní kí wọ́n máa kọrin bákan náà.

Irin kan wà nínú ọrùn gìtá. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí i díẹ̀díẹ̀ títí ọrùn náà fi nà. A so okùn tuntun mọ́ àwọn méjèèjì, irú kan náà, ìnípọn kan náà. Bàálù kan kọjá lórí wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú, a dúró dè é kó kọjá tán, torí pé ní àdúgbò tiwa yìí, bàálù ló ń kọ́kọ́ kọrin. Onígìtá wá ta àwọn méjèèjì fún wa, orin kan náà.

Ẹ̀yin ará, gìtá Bàbá Ìbejì dùn! Kò dún bíi ti ẹnìkejì rẹ̀ o. Ti ọmọ náà ń pariwo, ó mọ́ gaara, ó ń dé ẹnu géètì bíi Táíwò. Ti Bàbá Ìbejì rẹlẹ̀, ó ki, ó dà bí àgbàlagbà tó ń sọ àṣírí. Èmi gba èyí tó rẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì gba èyí tó ń pariwo. Ó ní ẹni tó bá bá ọkọ òun gbé ni yóò mọ̀dí.

Ó wá kan Bàbá Ìbejì láti ta á fúnra rẹ̀. Ó ta ti ọmọ náà. Ó ta tirẹ̀. Mo gbọdọ̀ sọ òtítọ́: ohun tó ti ń wá láti Mọ́ńdè tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó rí i gbà nígbẹ̀yìn. Lọ́wọ́ rẹ̀, gìtá méjèèjì dún bákan náà pátápátá. Wọ́n burú dọ́gba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ gìtá máa ń parí sí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ijó jó ló ń sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ká ní a gbé gìtá kan ṣoṣo fún Ebenezer Obey, ká gbà á, ká tún gbé e fún Sunny Ade, kò sí ọmọ jùjú tí yóò ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Láti nǹkan bí ọdún 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti so iná mọ́ gìtá jùjú ni a ti ń rí onírúurú gìtá, àmọ́ ìka ni a ń dá mọ̀. Èékánná gígùn ní ohùn tirẹ̀, awẹ́ ike tí a fi ń ta á ní tirẹ̀. Bí o bá ta okùn lẹ́bàá ihò, á rọ̀. Bí o bá ta á lẹ́bàá ìdí, á gan. Ẹni tó ń ta á gan-an kò gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú ń gbọ́, nítorí pé iwájú ni ẹnu gìtá kọjú sí. Bàbá Ìbejì jókòó sẹ́yìn akọrin, ó gbọ́ ohùn kan. Ó jókòó sẹ́yìn gìtá tirẹ̀, ó gbọ́ òmíràn. Ó ní àwọn ará abúlé ni.

Kì í ṣe òun nìkan o. Ìsọlọ̀ kún fún wọn. Ọ̀kan ń bẹ ní Jakande tó ń se okùn gìtá báàsì nínú ìkòkò bí ẹni ń se ìńdómì, torí pé owó okùn tuntun ń dùn ún. Lóòótọ́, okùn náà á tún jí fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ọbẹ̀ ilé yẹn kò jí láti ìgbà náà. Ọ̀kan ń bẹ ní Ajáo tó gbọ́ ohùn gìtá kan láti inú fóònù tí ẹnu rẹ̀ kò ju ẹnu eèrà lọ, tó sì ní òun ti mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan ń bẹ ní Ìlasàmàjà tó ti pààrọ̀ gìtá márùn-ún, kò sì tíì pààrọ̀ kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó mọ̀. Èmi náà ń bẹ. Mo ní gìtá kan tí mo ti ń bú láti ọdún mẹ́rin pé ó ń hó, àfi ìgbà tí onígìtá wa wá ta á tí ó sì dákẹ́ híhó. Ìka mi ni kò tẹ okùn dé ilẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òǹtàjà kò jẹ̀bi. Ohun tí a béèrè ló tà. Ilé iṣẹ́ kò jẹ̀bi púpọ̀. Igi kò jọra láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá igbó. Ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá, kó mú etí dání. Kó ní kí wọ́n gbé mẹ́ta jáde nínú mọ́dẹ́lì kan náà, kí ẹnì kan ṣoṣo ta wọ́n níbì kan náà, kí òun dúró síwájú, kó di ojú. Èyí tó bá mú un rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ kò lẹ́wà. Kó pààrọ̀ okùn kó tó pààrọ̀ gìtá. Kó má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ínmọ́ín.

Ó sì ku ẹjọ́ kan. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kóló Kẹ́hìndé kò tíì rí owó rẹ̀ gbà padà. Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, gbogbo Ìsọlọ̀ ti gbọ́ báyìí: ẹ dá ₦370 ọmọ padà.